Mustang àbí Impala olórùlé kíká: èwo lẹ máa tún ṣe ní àgbàlá yín?

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ tí òrùlé rẹ̀ ń ká sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ bèèrè. Wọ́n á ní V8, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ, ni àwọn ń fẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó bá kú, ẹ lè lọ Ládípọ̀ l'Ékòó kẹ́ ẹ gbé òmíràn bọ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Irin abẹ́ ọkọ̀ tó bá jẹrà, kò sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á ní gbígbé wọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìfiwéra yìí fi bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, tí a sì fi ohun tí ọwọ́ lè tó ní Kàbà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ wọn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Méjì la mú: Ford Mustang 1965 àti 1966, pẹ̀lú Chevrolet Impala 1965 sí 1970. Cadillac Eldorado 1971 sí 1976 náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 8.2, ó sì gùn tó mítà 5.7. Ẹni tó bá ní kànga epo lẹ́yìn ilé ni kó lọ bá a.

Ẹ má fi ọkàn sí àtikó odindi ọkọ̀ wọlé láti òkè òkun. Kọ́sítọ́ọ̀mù kì í gba ọkọ̀ àlòkù tó ti dàgbà tó báyìí. Èyí tó ti wà nílẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀, tó ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ẹbí láti ayé owó epo rọ̀bì, lẹ ó máa wá. Ẹ bèèrè ìwé rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bèèrè iye rẹ̀.

| | Mustang 1965–66 | Impala 1965–70 |
|---|---|---|
| Gígùn | mítà 4.6 | mítà 5.4 sí 5.5 |
| Fífẹ̀ | mítà 1.73 | bíi mítà 2 |
| Ìwọ̀n | bíi kílò 1,200 sí 1,350 | kílò 1,600 sókè |
| Ara àti ṣásíì | ara gan-an ni ṣásíì | ṣásíì dá dúró, ara jókòó lé e |
| Bíréèkì másítà | ojú kan | ojú kan títí dé 1966, méjì láti 1967 |
| Ẹ́ńjìnnì tó wọ́pọ̀ (nọ́mbà rẹ̀ ni títóbi rẹ̀ ní ínṣì kúbíìkì) | 200 sílíńdà mẹ́fà, 289 V8 | V8 283, 327, lẹ́yìn náà 350 |
| Ibi tí ìpẹtà ti ń pa á | rọ́kà (òpó irin abẹ́ ilẹ̀kùn), fúlọ̀ (ilẹ̀ inú ọkọ̀), káwù (àpótí irin ìdí gíláàsì iwájú) | ṣásíì lókè ásù ẹ̀yìn, ìdí búùṣì ara, fúlọ̀ búùtù |

Ìlà kẹrin nínú tábìlì yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Mustang kò ní ṣásíì lọ́tọ̀. Nígbà tí Ford yọ òrùlé irin kúrò, ó fi irin tó nípọn kún inú rọ́kà, ìyẹn òpó irin gbọọrọ tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì tún fi irin dí abẹ́ ìjókòó àti ẹsẹ̀ iwájú. Gbogbo ohun tí òrùlé ìbá dì mú, rọ́kà ló ń dì í mú. Bí rọ́kà bá jẹrà, ọkọ̀ á tẹ̀ láàárín bí bẹ́ńṣì tó ti gbó. Ti Impala yàtọ̀: ṣásíì tó dá dúró ló gbé e, ara rẹ̀ lè ní ihò káàkiri kí ọkọ̀ náà sì tọ́ gbọnrangandan.

Kí ẹ tó sọ iye kankan

Ẹ ka nọ́mbà ọkọ̀. Ti Mustang wà lójú irin ìhà òsì nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5F08C, 5 ni ọdún 1965, F ni ilé iṣẹ́ Dearborn, 08 ni olórùlé kíká, C ni 289 oníkábúrétọ̀ ẹnu méjì. T níbi tí C wà jẹ́ sílíńdà mẹ́fà, A sì jẹ́ 289 oníkábúrétọ̀ ẹnu mẹ́rin. Ti Impala wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ títí dé 1967, ó sì bọ́ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù láti 1968. Nọ́mbà kẹrin àti ìkarùn-ún gbọ́dọ̀ jẹ́ 67, bíi 16467.

Bí ẹ bá rí 07, tó jẹ́ ti olórùlé irin, lára Mustang tí òrùlé rẹ̀ ń ká, ẹnìkan ló fi ayùn gé e. Ọkọ̀ òde àríyá ni wọ́n fi irú rẹ̀ ṣe. Kò ní irin àfikún tí a sọ lókè yìí, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fi pútì dá a padà. Ẹ kí wọn, kẹ́ ẹ máa lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú jáàkì jáde. Ẹ pa ilẹ̀kùn méjèèjì dé, kẹ́ ẹ fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín etí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀, lókè àti nísàlẹ̀. Ká ní mìlímítà 5 ni. Ẹ gbé jáàkì sábẹ́ ìhà kan, níbi tí rọ́kà ti pàdé fúlọ̀ iwájú, kẹ́ ẹ gbé táyà iwájú náà kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Ẹ tún un wọ̀n. Bí àlàfo kò bá yí ju mìlímítà 1 lọ, tí ilẹ̀kùn ṣì ń ṣí tó sì ń pa dé láìfi orúnkún tì í, egungun ọkọ̀ náà le. Bí àlàfo bá yí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ilẹ̀kùn há, irin inú ti lọ, bó ti wù kí ọ̀dà rẹ̀ máa dán tó. Bí jáàkì bá kàn wọnú rọ́kà lọ pẹ̀lú ariwo bíi ti ewé gbígbẹ, ìdáhùn ti dé nìyẹn.

Ti káwù, omi lẹ ó fi dán an wò. Káwù ni àpótí irin tó wà nídìí gíláàsì iwájú, tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ da omi lítà márùn-ún sínú ihò wẹẹrẹ orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹlòmíràn dùbúlẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Omi gbọ́dọ̀ gba ìhà méjèèjì jáde sílẹ̀ níta. Bó bá kán sí orí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ ó tú àìmọye ojú jíjó kéékèèké kẹ́ ẹ tó lè ṣí àpótí yẹn. Ẹ yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó ọkọ̀. Ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kàn fi sílíkọ́ọ̀nù dí i: inú ni ìpẹtà wà, sílíkọ́ọ̀nù á sì há omi mọ́ ibẹ̀ ni.

Lára Impala, ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú òòlù kékeré. Ẹ máa gbá ṣásíì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó dára á dún gooro. Èyí tó ti jẹrà kò ní dún gooro. Ibi tí ṣásíì ti tẹ̀ gun orí ásù ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti gbá a jù, torí ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ máa ń kó sí.

Jíjó irin: ibi tí Kàbà ti ń pinnu fún yín

Àwọn ajórin tó ń tún ṣásíì tírélà sìmẹ́ńtì ṣe lójú ọ̀nà Ọ̀bàjáná mọ irin tó nípọn dáadáa. Jíjó oníná pẹ̀lú ọ̀pá 2.5 tàbí 3.2 mìlímítà ni iṣẹ́ wọn, ó sì tó fún ṣásíì Impala. Ọ̀pá yẹn kan náà, bí wọ́n bá gbé e lé pátákó ara Mustang tí kò nípọn tó mìlímítà 1, ihò ni wọ́n á máa dá. Àwọn pánẹ́lì bítà wa ń lo gáàsì àti kábáìdì. Ọwọ́ wọn dá lórí fẹ́ńdà, ṣùgbọ́n iná gáàsì ń tàn káàkiri. Irin pẹlẹbẹ á wú, á wa ọ̀fìn, pútì ló sì máa kẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tó yẹ Mustang ni ẹ̀rọ ìjórin MIG oníwáyà 0.6 tàbí 0.8 mìlímítà. Wáyà tí kò nílò gáàsì rọrùn láti rí, ó ń ta pàràpàrà ju ti oníkábọ́ǹdáọ́sáìdì lọ, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ níta níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ wo iná yín kẹ́ ẹ tó rà á. Jẹnẹrétọ̀ “I better pass my neighbour” kò lè gbé e. Ẹ nílò bíi 5 kVA. Bí fólítéèjì bá ń lọ sókè sódò, jíjó náà á jókòó sórí irin láìwọ inú rẹ̀, ojú ò ní mọ̀, àfi ìgbà tí ọkọ̀ bá kó sí gọ́lọ́tọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rọ́kà, bó ṣe ń lọ rèé. Ẹ gbé ọkọ̀ lé orí kọnkéré tó tẹ́jú, kí ìwọ̀n rẹ̀ wà níbi tí ẹsẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ máa ń gbé e, ẹ má fi ìpẹ̀kun iwájú àti ẹ̀yìn kọ́ ọ. Ẹ fi páìpù onígun mẹ́rin mìlímítà 25 jó ojú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan dábùú, láti òpó iwájú dé òpó ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ tún fi òmíràn so ìhà ọ̀tún mọ́ ti òsì. Ẹ wọn igun dé igun kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó gé nǹkan, ìhà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi díríìlì 8 mìlímítà tú ojú jíjó àtijọ́. Ẹni tó bá lo ṣísẹ́ẹ̀lì á ya irin tó yẹ kó kù. Irin tuntun jẹ́ 1.5 mìlímítà fún inú rọ́kà, 1.2 fún fúlọ̀, 0.9 fún awọ ìta. Ẹ fi púráímà oníṣínkì pa ibi tí irin méjì ti máa lẹ̀ mọ́ra. Ẹ dá ihò 8 mìlímítà sára irin òkè ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta-mẹ́ta sí mẹ́rin-mẹ́rin, kẹ́ ẹ jó o kún. Kẹ́ ẹ tó jó o tán, ẹ gbé ilẹ̀kùn kọ́ kẹ́ ẹ sì pa á dé. Àlàfo ilẹ̀kùn ló máa sọ bóyá ẹ ti ṣì í, òun nìkan lẹ sì lè gbàgbọ́. Lójú ojú-ìsopọ̀ gígùn, ẹ jó sẹ̀ǹtímítà 1, ẹ fò lọ sí ibòmíràn, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ tutù. Ẹ má da omi lé e.

Ihò ìṣàn omi tó wà lábẹ́ rọ́kà, ẹ má dí i. Òjò ti Oṣù Kẹrin sí Oṣù Kẹwàá á rí ọ̀nà wọlé bó ti wù kó rí. Ẹ jẹ́ kó rí ọ̀nà jáde.

Ní tiwa, Mustang tí rọ́kà rẹ̀ le dára ju Impala lọ fún ọ̀pọ̀ àgbàlá, torí pé ó kéré, ó fúyẹ́, ilé iṣẹ́ púpọ̀ sì ṣì ń rọ pátákó ara rẹ̀ ní tuntun. Ṣùgbọ́n láàárín Mustang tó ti tẹ̀ àti Impala tí ṣásíì rẹ̀ dún gooro, ẹ mú Impala láìwẹ̀yìn.

Ẹ́ńjìnnì: kẹ́ ẹ fi èyí tó wà sílẹ̀, àbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀?

Sílíńdà mẹ́fà 200, lítà 3.3, ni àwọn tó fẹ́ràn ariwo máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Bẹ́ẹ̀ ó rọrùn: kábúrétọ̀ kan, àyè láti ki ọwọ́ bọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bẹ́ríǹ ọ̀pá àárín méje. Epo wa bá a mu. 289 oní-C ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ ní 9.3 sí 1, òun náà á gba epo wa. Oní-A jẹ́ 10.0 sí 1, á sì máa nọ́ọ̀kì (á máa dún kọ́kọ́kọ́) ní gẹ̀rẹ́ tí ẹ bá ń gùn ún nínú oòrùn Oṣù Kẹta. Ẹ dá táímù rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tó nípọn díẹ̀ sí i.

Ẹ má rò pé ẹ lè kàn ju V8 sínú ọkọ̀ onísílíńdà mẹ́fà. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló di wíìlì sílíńdà mẹ́fà mú, márùn-ún ni ti V8. Ásù ẹ̀yìn rẹ̀ kéré ju ti V8, dúróòmù bíréèkì rẹ̀ jẹ́ ínṣì 9, ti V8 jẹ́ 10, irin ìdarí náà tún yàtọ̀. Gbogbo rẹ̀ lẹ máa pààrọ̀. Ẹni tó bá kan gbé ẹ́ńjìnnì wọ̀ nìkan ti fún ọkọ̀ lágbára láìfún un ní ohun tó máa dá a dúró.

Bí 289 bá ti kú pátápátá, 5.0 tó wà nínú Ford Explorer 1996 sí 2001 jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀, ó sì ń jókòó sórí ìdìmú ẹ́ńjìnnì Mustang. Ohun mẹ́ta ló ń ba èyí jẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n. Èkíní, páànù ọ́ìlì: ti Mustang àtijọ́ ni kẹ́ ẹ lò, pẹ̀lú páìpù tó ń fa ọ́ìlì rẹ̀. Èkejì, bí iná ṣe ń tẹ̀lé ara wọn: 289 jẹ́ 1-5-4-2-6-3-7-8, ti Explorer jẹ́ 1-3-7-2-6-5-4-8. Bí ẹ bá to wáyà pílọ́ọ̀gì bíi ti 289, á máa bú jáde láti kábúrétọ̀. Ẹ̀kẹta ló ń fọ́ ẹ́ńjìnnì: ìwọ̀n tí wọ́n fi dọ́gba púlè iwájú àti fuláíwíìlì. 289 jẹ́ ti áúnsì 28, àwọn 5.0 láti 1981 jẹ́ ti 50. Bí ẹ bá pa wọ́n pọ̀, ọkọ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, títí bẹ́ríǹ á fi jẹ.

Ẹ́ńjìnnì Toyota ńkọ́? Gbogbo mẹkáníìkì ló máa dá a lábàá, sípéà rẹ̀ sì wà ní Lókójà. Ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó gé ìdìmú ẹ́ńjìnnì, ẹ ó gé ihò gíà, ẹ ó rọ ọ̀pá ásù tuntun, búréènì bọ́kìsì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, á sì máa wá wáyà kiri. Ọkọ̀ náà kò ní padà sí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, iye rẹ̀ á sì wálẹ̀. Fún Impala, kò tilẹ̀ yẹ kó dé bẹ́ẹ̀, torí V8 kékeré Chevrolet tí wọ́n ti ń ṣe láti 1955 ń gba ẹ̀yà ara ọ̀kan bọ èkejì.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ tẹmosítàtì sọnù. Àṣà burúkú ni. Ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, á sì pẹ́ kó tó gbóná tán láàárọ̀ ọyẹ́. Oníwọ̀n ooru 82 sẹ́ńtígíréèdì ló yẹ ibẹ̀. Bó bá ń gbóná jù, ẹ tú rádíétọ̀ kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì wo páànù tó yí fáànù ká bóyá ó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sípánà kékeré kan: ínṣì ni gbogbo bóòtù wọn. Sípánà 19 á bá 3/4 mu, 13 á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 1/2 mu, ṣùgbọ́n 14 kéré fún 9/16. Bóòtù onímìlímítà tí ẹ bá fi agbára dè mọ́ ihò ínṣì á wọlé fún yíyí méjì, ìyókù á jẹ ihò náà.

Bíréèkì

Níbí, kò sí ìfiwéra púpọ̀. Másítà ojú kan túmọ̀ sí pé páìpù kan ṣoṣo bá bẹ́, gbogbo bíréèkì lọ. Lára Mustang, ẹ fi másítà ojú méjì ti 1967 rọ́pò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fa páìpù tuntun oníbàbà-níkẹ́ẹ̀lì 3/16 ínṣì. Tí ẹ bá fẹ́ ra ohun kan ṣoṣo láti òkè òkun, odindi ẹ̀yà bíréèkì díìsìkì ti iwájú ni kẹ́ ẹ rà. Dúróòmù tó dára á dúró dáadáa lẹ́ẹ̀kan. Ní gẹ̀rẹ́ gígùn, tírélà níwájú, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta léraléra, á gbóná á sì máa yọ̀. Ẹ wo pé másítà tẹ́ ẹ rà jẹ́ ti díìsìkì pẹ̀lú dúróòmù. Ti dúróòmù pátápátá ní fáàfù tó ń há omi bíréèkì mọ́ inú páìpù, á mú kí díìsìkì máa fà nígbà gbogbo. Bí ẹ bá ń yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀tún ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, kẹ́ ẹ parí sí ti awakọ̀.

Ọ̀dà

Òpin Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kọkànlá ni kẹ́ ẹ kùn ún: òjò ti ń lọ, eruku ọyẹ́ kò tíì dé. Sẹ́lúlóòsì rọrùn láti tún ṣe, bó bá sì di funfun torí ọ̀rinrin, tínà tó ń pẹ́ gbẹ á gbà á. 2K, ọ̀dà tí wọ́n ń pò mọ́ hádínà, le jù, ó sì ń pẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú hádínà rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tẹ́ ẹ dì mọ́mú kò ṣe nǹkan kan. Bí ẹ kò bá ní ìbòjú tó ń gba afẹ́fẹ́ láti ìta, sẹ́lúlóòsì ni kẹ́ ẹ lò. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kékeré kò lè fọ́n odindi Impala lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa kùn ún ní pátákó kọ̀ọ̀kan.

Òrùlé: fáínììlì àbí kánfáàsì

Kánfáàsì lẹ́wà, ó sì ń dín ariwo kù. Eruku pupa wa á wọ inú òwú rẹ̀, omi òjò á pọn ọ́n, ẹ̀bù á sì hù síbi tó ká. Fáínììlì, kànìnkànìn àti omi ọṣẹ ti tó. Ẹ mú fáínììlì. Ẹni tó ń rán tápólì tírélà ní ẹ̀rọ ìránṣọ tó lè gún un, bí ẹ bá lè gé àwòrán òrùlé àtijọ́ fún un ní pípé, láìfà á.

Òrùlé tí ẹ ń fi ọwọ́ ká dára fún Mustang. Ti onímọ́tò àti páìpù omi ń jò nídìí sílíńdà ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ó sì ń wúwo. Ti Impala wúwo ju kí ẹnìkan máa dá ká a lójoojúmọ́. Ẹ tún mọ́tò rẹ̀ ṣe.

Kẹ́ ẹ tó na aṣọ, ẹ fi rọ́bà tuntun sí gbogbo etí, ẹ gbé gíláàsì ilẹ̀kùn sókè, kẹ́ ẹ sì tún egungun òrùlé tò títí á fi bá gíláàsì mu. Ẹni tó bá na aṣọ kó tó ṣe èyí á tú u. Àwọn ìgbànú inú ló kọ́kọ́ ń wọlé, lẹ́yìn wọn fèrèsé ẹ̀yìn, aṣọ òkè ló gbẹ̀yìn. Ẹ tẹ́ aṣọ náà sínú oòrùn fún wákàtí kan kó rọ̀. Ẹ so ó láàárín lẹ́yìn, ẹ fà á wá síwájú, ẹ wo ìlà àárín bóyá ó tọ́, kẹ́ ẹ tó fi pín-ìnnì irin tí kì í dípẹtà kàn án láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ìkákò bá wà ní igun, ẹ yọ pín-ìnnì mẹ́ta, ẹ má fi agbára fà á láti ìhà kejì.

Pílásítíìkì fèrèsé ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ ká láàárọ̀ ọyẹ́, á sán. Ẹ fi omi ṣan eruku rẹ̀ kẹ́ ẹ tó nù ún, kẹ́ ẹ sì tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sáàárín rẹ̀ nígbà tí òrùlé bá ká. Òrùlé tuntun náà, ẹ tì í pa fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko nínú oòrùn kẹ́ ẹ tó kọ́kọ́ ká a, àní bí ọmọ ilé bá ń bẹ̀ yín.